Àdàlù Irin Tí Kò Ní Ọ̀gá

   

Irin ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní. Kò sí ọdún tí à ń ṣe nílẹ̀ yìí tí irin kò bá wa dé ibẹ̀. Agogo tó ń dún, irin ni. Ṣaworo tó wà lẹ́sẹ̀ oníjó, irin tàbí idẹ ni. Ọ̀bẹ tí agbẹ́gilére fi gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ló ti jáde. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Taiwan, Amẹ́ríkà àti Íńdíà. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ irin níbẹ̀ ti ń po irin pọ̀ lọ́nà tí baba alágbẹ̀dẹ kankan kò gbà pò ó rí. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ fi iná yọ́ irin náà. Ṣe ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí àgbẹ̀dẹ. Irin tí a pò mọ́ irin ti wà láti ayébáyé, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gá. Nínú idẹ, bàbà ni ọ̀gá, síńkì ń tẹ̀ lé e. Nínú akọ irin, irin ni ọ̀gá. Kábọ́ọ̀nù, ìyẹn ohun tó pọ̀ jù nínú èédú, kì í tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí àdá mú, kó má sì tètè kújú. Nínú irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, irin náà ni ọ̀gá. Kírómù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo ayé gbà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún: mú irin kan ṣe olórí, bu díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn yòókù sí i, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí dójú ààmì. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kan àwọn orí ère tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí wọ́n yẹ irin àwọn ère Ifẹ̀ wò, idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara. Ẹni tó bá ti bá bàbà lásán jà nínú iná rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kì í yọ́ àfi kí iná dé 1,085 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, kì í ṣàn dáadáa, ó sì máa ń gbé afẹ́fẹ́ mì tí yóò fi ihò sílẹ̀ lára ère. Síńkì àti òjé díẹ̀ ló ń mú iṣẹ́ náà rọrùn. Ẹni tó rọ bàbà lásán tí ère náà yọ láìlábàwọ́n, ọmọṣẹ́ kọ́.

Kí ló dé tí irin méjì tí a pò pọ̀ fi ń le ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ? Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń to ọsàn lórí àtẹ. Átọ́ọ̀mù ni a fi ṣe gbogbo irin, hóró kékeré tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n sì tò lẹ́sẹẹsẹ, ìpele lórí ìpele, bí ọsàn orí àtẹ yẹn. Bí òòlù bá ba irin, ìpele kan á yọ̀ lórí èkejì. Bí gbogbo ọsàn bá dọ́gba, yíyọ̀ náà rọrùn, irin náà sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ki òroǹbó ńlá àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí àárín wọn, ojú ìpele kò ní dán mọ́, yíyọ̀ á nira. Líle tí irin ń rí nínú àdàlù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpìlẹ̀.

Ìbéèrè tí wọn kò bi fún ìgbà pípẹ́ ni èyí: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ọ̀gá rárá? Ní 1981, ní yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Cantor àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Alain Vincent, po ogún èròjà pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, márùn-ún márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó jáde kò wúlò. Ó pín sí oríṣiríṣi nínú ara rẹ̀, ó sì ń fọ́ bí àwo. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣàkíyèsí pé apá kan nínú rẹ̀ ṣọ̀kan, àti pé irin márùn-ún ló pọ̀ jù níbẹ̀: kírómù, mángáníìsì, irin, kóbáltì àti níkẹ́lì. Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn márùn-ún yìí nìkan, wọ́n pò wọ́n ní ọgbọọgba, ogún ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣọ̀kan pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ayé tó gbọ́; 2004 ni Cantor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Àdàlù Cantor ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ẹlòmíràn tún wà tó ń ro irú èrò kan náà láìmọ̀ wọ́n. Jien-Wei Yeh, olùkọ́ ní yunifásítì Tsing Hua ní Hsinchu ní Taiwan, ń wa mọ́tò lọ ní ìgbèríko ní 1995 ni èrò náà sọ sí i lọ́kàn. Òun náà tẹ ti rẹ̀ jáde ní 2004, òun ló sì sọ ọ́ lórúkọ: àdàlù tí àńtírópì rẹ̀ ga. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí èròjà tó márùn-ún ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín márùn-ún sí márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí orúkọ náà, àdàlù. Lọ́jà, bí wọ́n bá ní wọ́n da nǹkan lù, àbùkù ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti àgbàdo tí a sè pọ̀, àdàlù náà là ń pè é, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwo. Irú èyí ni à ń wí. Àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé, alíàjì ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, ní èdè Faransé. Wọ́n á ka ìtumọ̀ rẹ̀ sórí, wọ́n á rí máàkì gbà, wọ́n á wá gba iwájú àgbẹ̀dẹ kọjá lọ sílé láìmọ̀ pé ohun tí baba tó jókòó síwájú ẹwìrì yẹn ń ṣe láti kùtùkùtù, ẹ̀kọ́ àná ni. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé nǹkan kan náà ni.

Àńtírópì wá ńkọ́? Ìṣirò rẹ̀ kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe le. Ẹ jẹ́ kí a to àga mẹ́wàá sórí ìlà kan níwájú Kábíyèsí. Bí àwọn mẹ́wàá tó jókòó bá wọ aṣọ ẹbí kan ṣoṣo, ọ̀nà kan péré ni aṣọ lè gbà tò. Bí mẹ́sàn-án bá wọ aṣọ kan, tí ẹnì kan wọ òmíràn, ọ̀nà mẹ́wàá ni. Bí márùn-ún bá wọ funfun, tí márùn-ún wọ àdìrẹ, ó di ọ̀nà 252. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá jẹ́ oríṣi márùn-ún, méjì méjì, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò jẹ́ 113,400. Irin tó ní ọ̀gá dà bí mẹ́sàn-án sí ọ̀kan. Àdàlù aláìlọ́gàá dà bí aṣọ márùn-ún. Iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà tò yìí ni àńtírópì ń wọ̀n. Irin kan lè fẹ́ràn irin kejì kí àwọn méjèèjì sì fẹ́ ya àwọn yòókù sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ṣe ń ga sí i ni agbára ọ̀nà púpọ̀ ń borí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á sì dà pọ̀.

Ìdí nìyí tí Yeh fi rò pé bí irin bá pọ̀ tó, wọn kò ní yapa, wọn á gbé inú ilé kan. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, àwọn tó ń polówó àdàlù yìí kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Ní 2013, Frederik Otto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àdàlù Cantor, wọ́n ń yọ irin kan, wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: bàbà dípò níkẹ́lì, títáníọ̀mù dípò kóbáltì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iye irin kò yí padà, márùn-ún ṣì ni. Àńtírópì kò yí padà. Síbẹ̀ gbogbo àwọn tuntun náà ló yapa, ti Cantor nìkan ló ṣọ̀kan. Iye nìkan kọ́, ìwà ń bẹ níbẹ̀: bí átọ́ọ̀mù ṣe tóbi sí, irú ilé tí kálukú ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹni tó lè bá ẹni gbé. Ẹni tó ti ṣe alága ẹgbẹ́ rí kò nílò ìwé kó tó mọ èyí.

Wàyí o, ó kan ọlọ.

Yíyọ́ irin márùn-ún pọ̀ nínú iná ní wàhálà tirẹ̀. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660, irin kì í yọ́ títí di 1,538, tọ́ńgísítìnì di 3,422. Síńkì ló burú jù. Ní 907 ó ti ń hó, ó ti ń di oruku bá afẹ́fẹ́ lọ, nígbà tí irin kò tíì ronú yíyọ́. Ẹni tó bá fẹ́ po síńkì àti irin ní ọgbọọgba nínú ìkòkò kan lórí iná, nígbà tó bá fi máa ṣí ìkòkò, irin ni yóò bá níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ yọ́, nígbà tó bá ń tutù, apá tó kọ́kọ́ dì kì í bá apá tó dì gbẹ̀yìn dọ́gba.

Ọ̀nà tó yẹ iná sílẹ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú àdàlù aláìlọ́gàá. Ní nǹkan bí 1966, John Benjamin, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ níkẹ́lì INCO ní Amẹ́ríkà, ń wá irú níkẹ́lì tí yóò lè fara da ooru inú ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́ kí ìyẹ̀fun kan tó dà bí òkúta, tí kì í yọ́, tàn kárí inú níkẹ́lì náà. Iná kọ̀ fún un. Ló bá kó ìyẹ̀fun níkẹ́lì àti ìyẹ̀fun kejì yẹn sínú àgbá tó kún fún ọta irin róbótó, ẹ̀rọ sì ń rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó yọrí sí rere, ilé-iṣẹ́ náà sì ta irin yẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lónìí nìyí. Wọ́n á wọn ìyẹ̀fun irin márààrún, wọ́n á dà á sínú àgbá tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ kékeré lọ, wọ́n á kó ọta irin lé e. Ìwọ̀n ọta sábà máa ń tó ìlọ́po mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìwọ̀n ìyẹ̀fun. Wọ́n á lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi gáàsì ágọ́ọ̀nù dípò, torí pé ìyẹ̀fun irin tó kúnná lè gbiná bó bá pàdé afẹ́fẹ́ lójijì. Wọ́n á dé e pinpin, ẹ̀rọ á sì máa fi í yí, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, fún ogún wákàtí, fún ọgbọ̀n, nígbà mìíràn fún ọgọ́ta. Ariwo rẹ̀ kò ṣeé bá sùn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Nígbàkigbà tí ọta méjì bá kọlura, ìyẹ̀fun díẹ̀ á há sí àárín wọn, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Hóró kírómù á lẹ̀ mọ́ hóró níkẹ́lì láìsí iná, nítorí pé ìkọlù yẹn ti fọ́ ẹ̀pá ara wọn, ara tuntun ti yọ. Ara tuntun irin a sì máa lẹ̀ mọ́ ara tuntun. Ìkọlù mìíràn á ká a, á tún tẹ̀ ẹ́. Á le, á gbó, á fọ́. Àfọ́kù náà á tún lẹ̀ mọ́ òmíràn. Ó ń lẹ̀, ó ń fọ́, ó ń lẹ̀, ó ń fọ́, àìmọye ìgbà. Ẹni tó ti dúró ti odó mọ̀ pé iṣu kì í di iyán lọ́jọ́ tí ọmọ odó kọ́kọ́ balẹ̀ lé e. Ó ní kókó, kókó á fọ́, á ká sínú ara rẹ̀, nígbà tó bá yá kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ kan iṣu àkọ́kọ́ àti iṣu ìkejì níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gé hóró ìyẹ̀fun irin náà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ìlà ìlà ni wọ́n máa rí: ìlà kírómù, ìlà irin, ìlà kóbáltì, bí aṣọ òfì. Bí ó ti ń pẹ́, ìlà ń tín-ín-rín. Lópin rẹ̀ kò sí ìlà mọ́: átọ́ọ̀mù ti wọ àárín átọ́ọ̀mù.

Bí irin inú rẹ̀ bá rọ̀ jù, bí alumíníọ̀mù, lílẹ̀ á ju fífọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ á sì dì mọ́ ara àgbá bí ọkà tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Nítorí náà wọ́n máa ń fi ohun tó ń yọ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀kan tí wọ́n ń lò jù ni ásíìdì sìtíáríkì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Òrí tí àwọn ìyá wa ń fi para kún fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti pò tán? Wọ́n ń tan ìtànṣán X sí ìyẹ̀fun náà. Irin kọ̀ọ̀kan ní ààmì tirẹ̀ níbẹ̀, bí ilà ojú ìdílé láyé àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ààmì ló hàn. Bí lílọ̀ ti ń lọ, ọ̀kan á parẹ́, òmíràn á tẹ̀ lé e, títí yóò fi ku ààmì ilé kan ṣoṣo. Ní 2008, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Chennai ní Íńdíà, S. Varalakshmi, M. Kamaraj àti B. S. Murty ṣe irú èyí pẹ̀lú alumíníọ̀mù, irin, títáníọ̀mù, kírómù, síńkì àti bàbà. Síńkì náà wà níbẹ̀ o. Kò rí iná tí yóò bá lọ. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọlọ ṣe àdàlù aláìlọ́gàá. Kírísítálì inú rẹ̀ kò tó nánómítà mẹ́wàá. Mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan.

Ilé tí àwọn átọ́ọ̀mù yìí ń kọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú méjì. Ẹ ro hóró súgà onígun. Átọ́ọ̀mù kan wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ̀. Nínú irú ilé kìíní, ọ̀kan tún jókòó sí àárín gbùngbùn. Nínú irú kejì, kò sí ẹni kankan láàárín, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní ojú kọ̀ọ̀kan nínú ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀. Àdàlù Cantor ń gbé irú kejì. Irin tó bá ń gbé ibẹ̀ sábà máa ń fà kó tó já. Ti Chennai ń gbé irú kìíní, tó sábà máa ń le jù ṣùgbọ́n tí kì í fà púpọ̀. Bí alumíníọ̀mù bá pọ̀ nínú àdàlù, irú kìíní ló máa ń tì í sí.

Ìyẹ̀fun kò ṣeé fi ṣe àdá. Wọ́n gbọ́dọ̀ dì í di odindi. Wọ́n á kó o sínú àdìdì èédú líle, wọ́n á fi agbára tẹ̀ ẹ́ lókè nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi iná mànàmáná gbà á kọjá ní ìjì ìjì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti dì, kò sì yọ́. Yíyára yìí ṣe pàtàkì, nítorí bí ooru bá pẹ́ lára rẹ̀, kírísítálì kékeré á dàgbà, gbogbo làálàá inú ọlọ á sì ṣòfò.

Èrè rẹ̀ dà? Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Berkeley àti Oak Ridge ní Amẹ́ríkà mú àdàlù Cantor, èyí tí wọ́n fi iná yọ́, kì í ṣe ti inú ọlọ, wọ́n tutù ú dé 196 nísàlẹ̀ òdo. Ọ̀pọ̀ akọ irin tí a mọ̀ á fọ́ bí ìgò nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Agbára èyí ṣe ni ó lọ sókè, ó kọjá gígàpásíkàlì kan, ìyẹn bí ẹni pé ẹni tó wọn ọgọ́rùn-ún kílò dúró lórí ìwọ̀n mìlímítà kan níbùú, mìlímítà kan lóòró. Bó sì ṣe ń kọ̀ fún ojú sísán láti ya kò dín kù. Ní 2022 wọ́n tún gbé òmíràn jáde tó jẹ́ kírómù, kóbáltì àti níkẹ́lì nìkan, wọ́n tutù ú dé 253 nísàlẹ̀ òdo, bó ṣe ń kọ̀ fún yíya sì wà lára èyí tó ga jù lọ tí wọ́n ti wọ̀n rí. Ẹ kíyè sí i pé irin mẹ́ta kì í ṣe márùn-ún. Bí a bá tẹ̀ lé òfin Yeh, èyí kò tilẹ̀ wọ agbo. Irin kò ka ìwé òfin.

Ti inú ọlọ ní ẹ̀bùn mìíràn. Nítorí pé kírísítálì rẹ̀ kéré, ẹnu ààlà pọ̀ nínú rẹ̀, ìpele tó bá fẹ́ yọ̀ á máa kan ògiri ní gbogbo ìṣísẹ̀. Nítorí náà ó le ju ti iná lọ dáadáa, kì í sì í tètè jẹ bó bá ń gbo ara mọ́ nǹkan. Ohun tó pàdánù ni fífà: ẹni tó bá fẹ́ kó le kò ní rí i kó tún máa tẹ̀. Àléébù kejì tún wà. Ní 2015, Benjamin Schuh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọ́síríà mú àdàlù Cantor tí wọ́n ti fi títẹ̀ àti lílọ́ sọ kírísítálì inú rẹ̀ di kékeré, wọ́n gbé e sínú ooru 450. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àwọn irin inú rẹ̀ ti ń yapa, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ààlà. Ìṣọ̀kan tí wọ́n ń yìn yẹn, òtútù ló ń dáàbò bò ó: átọ́ọ̀mù kò rí ọ̀nà rìn ni kò fi lọ.

Ọlọ náà sì ń fi tirẹ̀ sínú ata. Ẹni tó bá ti lọ àgbàdo lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ abẹ rẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ máa ń dúdú, irin ló jẹ sínú rẹ̀, àwọn olùwádìí oúnjẹ sì ti wọn irin yìí nínú àgbàdo tí wọ́n lọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí. Ọta inú àgbá náà ń jẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogójì wákàtí, irin inú àdàlù lè pọ̀ ju ohun tí wọ́n wọ̀n sí i lọ. Kábọ́ọ̀nù inú ásíìdì sìtíáríkì yẹn náà á gbá kírómù mú, wọ́n á di hóró líle tí ẹnikẹ́ni kò pè. Onímọ̀ tó bá jẹ́ olóòótọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn kan ti wá ń yìn ín pé ó ń fi líle kún un.

Ṣé alágbẹ̀dẹ wa máa fi èyí rọ ọkọ́? Rárá o. Kóbáltì wọ́n, ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ti gbogbo ayé sì ti ń wá ni Kóńgò Kinshasa, níbi tí àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ wa á nínú ihò. Ìdí kan nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn olùwádìí fi ń wá àdàlù tí kóbáltì kò sí nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ ẹ jù lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ibi tí ooru, òtútù tàbí ìgbo kì í jẹ́ kí irin mìíràn pẹ́: wọ́n á fọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ bo ojú irin tó pọ́ọ́kú, kí awọ òde le, kí inú má náni lówó.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì kan ààrò gbogbo wa. Àdàlù onírin púpọ̀ ti wà nílé wa tipẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ń rọ nínú yanrìn ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àjákù ni wọ́n fi ń rọ ọ́: písítìnì, ara ẹ́ńjìnnì, agolo, àfọ́kù ẹ̀rọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ó ń bọ́ ìdílé, ó ń kó pàǹtírí kúrò nílẹ̀, ìkòkò rẹ̀ nípọn, kì í tètè jó ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Chennai mọ irin mẹ́fà tí wọ́n kó sínú àgbá wọn, wọ́n sì ní ìtànṣán X. Ẹni tó ń yọ́ àjákù lẹ́yìnkùlé kò ní in. Ní 2014, ìwádìí kan lórí ìkòkò tí wọ́n rọ ní Kamẹrúùnù jáde: òjé ń yọ láti ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú omi kíkan tí wọ́n fi dán wọn wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò mọ ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, kò ní òórùn, kò sì ní adùn tí ìyá ọmọ lè fi mọ̀ ọ́n. Ohun kíkan ló ń fà á jáde, ẹ sì mọ bí tòmátì àti ògì kíkan ṣe wọ́pọ̀ tó lórí ààrò wa.

Kò sí ẹni tí à ń fẹ̀sùn kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aláṣẹ tó wà níjokòó, ẹ gbọ́ èyí: ẹ̀rọ àfọwọ́mú kan wà, kò tóbi ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sára ògiri lọ, tó ń fi ìtànṣán X ka irin inú ìkòkò láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn oníṣòwò àjákù ńláńlá káàkiri àgbáyé ń lò ó láti mọ iye tí wọn yóò san. Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì bá yá ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan péré ní àsìkò ọjà, a ó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wa. Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin arọ́kòkò alumíníọ̀mù, bátìrì mọ́tò àti ohunkóhun tí wọ́n fi òjé jó pọ̀, bíi rádíétọ̀ àtijọ́, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìkòkò tí ẹ fi ń yọ́. Ẹ kó agolo lọ́tọ̀, ẹ kó písítìnì lọ́tọ̀. Òkìtì tí ẹ kò bá mọ orírun rẹ̀, ẹ fi rọ ohun tí a kì í fi se oúnjẹ.